Wọ́n Ní Télọ̀ Kì í Dìde Nídìí Iṣẹ́

Tí mo bá jí láàárọ̀, n kì í tètè la ojú. Mo máa ń kọ́kọ́ mi àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lábẹ́ aṣọ ìbora ná. Bí wọ́n bá mì, mo dúpẹ́, mo la ojú. Ìyàwó mi mọ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ sí i mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Mo ti fi í sílẹ̀ báyìí, kì í sì í ṣe ọjọ́ ogbó ló gbà á lọ́wọ́ mi, nítorí n kò tíì darúgbó. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí nídìí iṣẹ́ náà fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́. N kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ilé ìwé mọ́dà ni mo kà mọ. N kì í sì í ṣe dókítà. Nítorí náà, níbi tí ọ̀rọ̀ ìlera bá ti wọ ìtàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ṣe é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú mi nìkan ni mo lè búra sí.

Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó ń ta bàtà ní Adó-Èkìtì ló mú mi wá síbẹ̀ nígbà tí mo jáde ilé ìwé, òun náà ló sì fà mí lé Ọ̀gá Fálúyì lọ́wọ́ ní Òkèṣà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe kò ṣojú mi, n kò sì ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ Adó gan-an ni Ọ̀gá Fálúyì. Àgbà ìjọ ni, ohùn rẹ̀ sì wúwo nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kì í na ọmọ iṣẹ́, kì í sì í pariwo. Á kàn wò ọ́ láti orí awò ojú rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí o rán. Ní ọdún àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan maṣíìnì. Èédú ni mò ń fẹ́ fún áyọ́ọ̀nù, abẹ́rẹ́ ni mò ń ṣà nílẹ̀, ojú ìrán ni mò ń tú. Ó ní ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tú aṣọ kò lè mọ bí wọ́n ṣe ń rán an. Òótọ́ ni. Títí di òní, bí mo bá rí kọ́là tó wọ́ lọ́rùn ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ á máa yún mi, n kì í sì í gbọ́ ìwàásù mọ́.

Ìgbà tó wá gbé mi jókòó sídìí maṣíìnì ni mo mọ òfin tó ju gbogbo òfin lọ. Bí o bá ti jókòó ti aṣọ kan, o kò gbọ́dọ̀ dìde títí aṣọ náà yóò fi parí. Ó máa ń sọ pé, "Ìdí ni télọ̀ fi í ṣuṣẹ́. Ọwọ́ kàn ń bá a gbé e ni." Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá jẹ́ alárìnká, Ọ̀gá á já fọ́nrán òwú kan, á so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ náà, á sì so orí kejì mọ́ ẹsẹ̀ maṣíìnì. Òwú ìránṣọ lásán ni o, ọmọ ọwọ́ lè já a. Nírọ̀lẹ́, á bẹ̀rẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ti já, gbogbo ohun tí o rán lọ́jọ́ náà, o ó tú u, o ó sì tún un rán.

Rótìmí, ẹlẹgbẹ́ mi, ni wọ́n ń so jù. Lọ́jọ́ kan ó nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ tọ̀."

"Ṣé odò Ògbèsè lo mu láàárọ̀ ni?"

"Omi ìkòkò ni, sà."

"Kí omi ìkòkò dúró de apá ẹ̀wù tó wà lọ́wọ́ rẹ."

A rẹ́rìn-ín títí. Rótìmí kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ má rò pé ìkà ni Ọ̀gá Fálúyì. Orúkọ tí àwa télọ̀ ní láwùjọ ló ń bá jà. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n: "Lọ, kí o padà wá lọ́la." Télọ̀ tí oníbàárà bá pàdé lójú títì lọ́jọ́ iṣẹ́, wọn á ní ẹni kan ló ń sá fún. Ọ̀gá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàdé òun tàbí ọmọ iṣẹ́ òun lójú títì láé. Ìjókòó ni iyì rẹ̀. Bí àlejò bá ń bèèrè télọ̀ tó ṣeé fọkàn tán, wọn á ní, "Lọ sọ́dọ̀ Fálúyì, wà á bá a níbẹ̀." Wọn á sì bá a níbẹ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí mo gba fúrídọ̀ọ̀mù mi, tí wọ́n sọ mí di ọ̀gá ara mi, àdúrà tó gbà lé mi lórí ni pé kí ìdí mi wúwo nídìí uṣẹ́. Gbogbo èrò ṣe àmín. Èmi ni mo ṣe é kíkan jù.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù sí Ìjìgbò, nínú Adó kan náà. Mo fẹ́ ìyàwó mi, Ìyá Fúnkẹ́, ọmọ Ìgbẹ́mọ̀, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń gbin ìrẹsì. Òun ló ń bá mi ṣẹ́tí aṣọ, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò lò ó rí, irin pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ tí ẹ ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì lé, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn kí ẹ̀rọ tó lè yí. Nírọ̀lẹ́, iṣan ẹsẹ̀ á ti le bí okùn tí wọ́n fà. Áyọ́ọ̀nù eléèédú náà ní tirẹ̀. Ẹ ó dìde, ẹ ó gbé e síta, ẹ ó máa fì í kí iná lè ràn. Omi tí a ń wọ́n sí aṣọ, kànga ẹ̀yìnkùlé la ti ń fà á. Òfin Ọ̀gá ní kí a jókòó, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ìgbà náà kò jẹ́ kí a jókòó tán. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ pé ohun tó ń pa wá mọ́ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí Adó di olú ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó dé láti Àkúrẹ́. Ẹni tó wọ ọ́fíìsì tuntun ń fẹ́ kóòtù tuntun. Iṣẹ́ kún ọwọ́ mi, mo sì ra mọ́tọ̀ iná kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ara maṣíìnì. Bí ẹ bá ti fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà rẹ̀ báyìí, abẹ́rẹ́ á máa rọ̀ bí òjò. Mo ra áyọ́ọ̀nù oníná, ó wà lápá òsì mi. Mo ra jẹnẹrétọ̀ nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oníná. Omi wà nínú ike lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Orí maṣíìnì ni mo ti ń jẹun ọ̀sán. Nígbà tí mo bá ń lọ sílé, ọ̀kadà ló ń gbé mi, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé kò jìnnà.

Mo sanra, ikùn yọ. Àwọn ènìyàn ń bá mi yọ̀ pé ayé ń yẹ mí. Ìyá Fúnkẹ́ nìkan ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Fúnkẹ́, ṣé ṣòkòtò yín lẹ ń gé yìí, àbí kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ìgbádùn ni."

"Ìgbádùn wo ló ń mú ènìyàn mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn méjì?"

Mo ní kó jọ̀wọ́, kó bá mi mú òwú funfun wá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nígbà tí ilé ìwé fẹ́ wọlé. Yunifọ́ọ̀mù ni mò ń rán, n kò sì tíì dìde láti àárọ̀. Mo rán ojú ìrán kan dé ìparí, mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Ẹsẹ̀ kò gbéra. Mo wolẹ̀, mo wò ó. Ó wà níbẹ̀, ó dàbí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ maṣíìnì mi. Maṣíìnì sì ń ránṣọ lọ. Ó rán aṣọ náà kọjá etí, ó wọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rán an mọ́ ọn, ó ń wọ́ gbogbo rẹ̀ lọ, ọwọ́ ọ̀tún mi sì wà lórí aṣọ náà, òun náà kò gbọ́ràn. Mo fẹ́ pe ìyàwó mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe orúkọ ènìyàn.

"Bàbá Fúnkẹ́, ẹ ń ba aṣọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́," ó ní, láì gbójú sókè.

Ìgbà tó wá gbójú sókè, ó rí ẹnu mi. Ó sáré, ó já wáyà kúrò lára ògiri. Maṣíìnì dákẹ́. Abẹ́rẹ́ ti gba orí ìka mi kọjá, ẹ̀jẹ̀ ti rin yunifọ́ọ̀mù náà, n kò sì mọ̀ ọ́n lára. Mo ń wo ẹ̀jẹ̀ náà, mo ń rò ó pé ta ló fara pa.

Ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti pẹ́ lára mi kó tó já sí àrùn rọpárọsẹ̀. Ọlọ́run ṣe é, ohùn mi padà. Ọwọ́ tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ló dé gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n dókítà pe ìyàwó mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní bí èyí bá tún padà wá, wọ́n lè má rí mi gbé wá mọ́. Láti ọjọ́ náà, n kò ní ohun mìíràn tí mò ń lé láyé ju pé kí ó má padà wá.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan, ọmọ Ìjàn, ló ń tọ́jú mi. Ó bi mí bí mo ṣe ń lo ojúmọ́. Mo sọ fún un. Ó wò mí títí.

"Bàbá, ẹ̀ ń jókòó bí ohun tí wọ́n gbìn."

"Uṣẹ́ wa ni, mà," ìyàwó mi dáhùn fún mi.

"Mo gbọ́. Oògùn yìí, ẹ ó máa lò ó, ẹ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró. Iyọ̀, ẹ dín in kù. Ẹ̀kẹta, ẹ ó máa dìde. N kò ní kí ẹ lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ dìde, ẹ rìn kíákíá, ẹ gun ibi tó ga díẹ̀, fún ìgbà díẹ̀ péré, kí èémí yín yára, kí ẹ sì padà. Nígbà tó bá ṣe, ẹ tún un ṣe. Kékeré kékeré, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́."

"Báwo ni màá ṣe mọ̀ bó ti tó?" Ọ̀rọ̀ ṣì wúwo lẹ́nu mi nígbà náà.

"Tí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ ti ṣe é jù, ẹ dúró. Tí ẹ bá lè kọrin, ẹ kò tíì ṣe é tó. Tí àyà bá dùn yín tàbí ojú yín bá ń ṣú, ẹ jókòó, kí wọ́n gbé yín wá bá wa."

Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́. Nígbà tí a délé, gbogbo ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ní sí mi, ìjókòó ni wọ́n fi ń hàn. Àwọn ará Ìlá dé, wọ́n ní kí n má dìde. Ìyá ìyàwó mi dé láti Ìgbẹ́mọ̀ tòun ti ìrẹsì, ó ní kí n má dìde. Wọ́n gbé àga sí abẹ́ igi máńgòrò, omi wá bá mi níbẹ̀, oúnjẹ wá bá mi níbẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, kí n má purọ́. Ẹ̀rù bà mí láti mira. Mo rò pé àrùn náà sùn sínú mi, pé bí mo bá ta á jí, ó parí.

Ìyàwó mi dúró títí àwọn àlejò fi lọ. Ó wá kó àga náà wọlé.

Lẹ́yìn ilé wa, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan gun òkè lọ síbi ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò gùn. Àwọn ọmọdé ń sáré gùn ún láìronú. Ó di apá mi mú, a bẹ̀rẹ̀. A kò tíì dé àárín tí mo dúró.

"Àyà mi ń lù."

"Ó yẹ kó máa lù."

"Ó ń lù jù, Ìyá Fúnkẹ́. Ó ti ń padà bọ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀. Mo di koríko mú bí ẹni tí ilẹ̀ fẹ́ yí dànù. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mi.

"Ṣé àyà ń dùn yín?"

"Rárá."

"Ojú ń ṣú?"

"Rárá."

"Ẹ kọrin."

"Orin wo? Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Mo ní mò ń kú lọ, o ní kí n kọrin!"

Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀. "Ẹ kò lè kọrin, ṣùgbọ́n ẹ lè bá mi jà. Ibi tí nọ́ọ̀sì ní kí ẹ wà gan-an nìyẹn. Ẹ dìde."

Mo dìde. A dé òkè, a sì sọ̀ kalẹ̀. Lálẹ́, mo sùn, mo sì jí.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, n kò fọwọ́ kan mọ́tọ̀ náà mọ́. Mo ń dúró gé aṣọ fún àwọn télọ̀ mìíràn lórí tábìlì gíga, mo sì ń rán díẹ̀ lórí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀. Ilé ìwé kan wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù náà. Bí agogo wọn bá ti lù pé kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀kọ́, èmi náà á gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀, mà á jáde, mà á fi ìgbésẹ̀ kíákíá gun òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mà á sì padà. Bí òjò bá ń rọ̀, mà á máa dìde lórí àga, mà á jókòó, mà á dìde, láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, títí èémí mi á fi yára.

Ìtìjú rẹ̀ ló pọ̀. Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn mi, mò ń yára lọ lójú títì. Obìnrin kan pariwo láti òdìkejì, "Télọ̀, má sá lọ o! Bùbá mi dà?" Mo ní kì í ṣe èmi ni mo gba bùbá rẹ̀. Ó ní bí gbogbo wa ṣe máa ń sọ nìyẹn. Àwọn ọlọ́kadà á máa dúró tì mí: "Ẹ gùn ún, bàbá, ẹni tó ń lé yín á bá yín o." Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kó tó dé Òkèṣà.

N kò sọ pé ìrìn nìkan ló wò mí o. Mò ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún fi yípo, mo ti ń gun òkè náà láìdi ohunkóhun mú, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjàn wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì ní kò tíì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára mi rí. Ẹ̀rù ni kò fà sẹ́yìn.

Ọ̀gá Fálúyì wá wò mí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọ̀kadà ló gbé e wá, ó sì pẹ́ kó tó lè sọ̀ kalẹ̀. Òun náà ti sanra, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè so okùn bàtà rẹ̀. Ó jókòó, ó nu ojú.

"Ìlá," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn láti ìgbà ọmọ iṣẹ́, "wọ́n ní o ti di alárìnká."

"Ọsibítù ló ní kí n máa ṣe é, sà."

"Wọ́n ní oníbàárà lò ń sá fún. Wọ́n ń bi mí pé ṣé ọmọ iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn. Kí ni kí n sọ fún wọn? Mo kọ́ ọ ní uṣẹ́, mo kọ́ ọ ní..."

Agogo ilé ìwé lù. Ìyàwó mi gbójú sókè pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá mi ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi wà níwájú mi, mò ń wò ó.

"Ẹ dákun sà, ẹ jẹ́ kí n lọ kí n dé."

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ o."

"Mo mọ̀, sà."

"O ó dìde lójú mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja. Nígbà tí mo dìde, mo jáde. N kò wẹ̀yìn, nítorí bí mo bá wẹ̀yìn, mà á jókòó.

Mo rò pé yóò ti lọ kí n tó padà. Ó wà níbẹ̀. Ó ń wo bí àyà mi ṣe ń lọ sókè sódò, ojú rẹ̀ sì ti yí padà.

"Ṣé ó máa ń dùn ọ́?"

"Ẹ̀rù ló máa ń bà mí, sà. Kì í dùn mí."

Ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ síwájú. Ó wá fi ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí sọ̀rọ̀. "Ẹsẹ̀ òsì yìí, ó máa ń kú. Láàárọ̀ mìíràn, n kì í mọ̀ bí mo ti wọ bàtà tàbí n kò wọ̀ ọ́."

"Ẹ ti sọ fún dókítà?"

"Aṣọ ẹgbẹ́ akọrin wà lọ́wọ́ mi. Ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀. Tí mo bá ti rán an tán, mà á lọ."

"Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́la, sà. Èmi ni mà á mú yín lọ."

"Ẹ lọ, ẹ jọ̀ọ́ sà," ìyàwó mi kúnlẹ̀. "Ẹ kàn máa dìde fún ìgbà díẹ̀. Uṣẹ́ kò ní sá lọ."

"Lẹ́yìn ìkórè," ó ní. "N kì í dìde lórí aṣọ."

A bẹ̀ ẹ́ títí. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Kó tó di ìkórè, wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Ìyàwó rẹ̀ ló lọ pè é wá jẹun, ó sì bá a lórí maṣíìnì. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé aṣọ akọrin funfun náà bí ẹni tó ń fetí sí ohun kan nínú rẹ̀. Gbogbo ará ilé rò pé ó ń sùn ni.

Láàárín àwa télọ̀, bí ọ̀gá bá kú, aṣọ oníbàárà kì í kú pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò pé jọ parí ohun tó bá wà nílẹ̀ kí wọ́n tó sin ín, kí ẹnikẹ́ni má baà bú u nínú ibojì. Nítorí náà, a pé jọ sí Òkèṣà. Àwọn kan gbé maṣíìnì wọn wá. Rótìmí wá láti Ìjàn, níbi tó ní ṣọ́ọ̀bù sí. Ó ti tóbi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gba ẹnu ọ̀nà. Aṣọ akọrin wọ̀nyẹn ni aṣọ ìkẹyìn tí mo rán láyé mi, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀rù kò jẹ́ kí n jókòó ti maṣíìnì mọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo jókòó tì í. A tẹrí ba, a ń rán an.

Ó pẹ́. Oòrùn ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo wá rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí ṣíínṣíín. Òógùn bò mí. Mo wo yíká: gbogbo wa ló ti ní ewú lórí, gbogbo wa ló yọ ikùn, gbogbo wa ló tẹ̀ sórí aṣọ bí ẹni tí wọ́n bá lórí maṣíìnì lọ́sẹ̀ náà. Mo dìde dúró.

"Ẹ dìde," mo ní.

Rótìmí wò mí. "Lórí aṣọ Ọ̀gá?"

"Lórí aṣọ Ọ̀gá."

"Kí àwọn ará Òkèṣà máa wò wá lójú títì? Lónìí yìí?" Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn wa ló sọ ìyẹn, inú sì ń bí i.

"Ọ̀gá wa kò dìde," mo ní.

Maṣíìnì kan dákẹ́, òmíràn dákẹ́. Rótìmí ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ ti orúnkún, ó dìde. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, àní ẹni tí inú ń bí náà.

A jáde sójú títì, a doríkọ òkè, téèpù wà lọ́rùn wa, a sì ń yára. Mo ní kí ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́ dúró dè wá. Ẹnikẹ́ni kò dúró. Àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́bàá ọ̀nà rí wa, wọ́n ṣí fìlà, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé Fálúyì kú, wọ́n sì rò pé ìsìnkú ló ń kọjá. Ìyá àgbà kan sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó ń wo ẹ̀yìn wa, ó ń wá pósí.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Òkú dà?"

Rótìmí kò lè dáhùn. Èmi ni mo dáhùn.

"Òkú kò sí níbí, ìyá. Télọ̀ ni gbogbo wa."

"Níbo lẹ wá ń lọ?"

"Orí òkè yẹn nìkan ni, mà. A ó padà."

A gùn ún dé òkè. A dúró mí, a sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí a tún jókòó ti aṣọ funfun náà, kí maṣíìnì kankan tó bẹ̀rẹ̀, èémí wa ló kún inú ilé, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ti Rótìmí ló ròkè jù. Mo tẹ́tí sí i fún ìgbà díẹ̀, kí n tó kó òwú sójú abẹ́rẹ́.